Jim Corbett: Ọdẹ Òru tí Ó Ń Fi Ohùn Pe Ẹranko Apanijẹ

Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní gbogbo abúlé tí ó yí wọn ká, kò sí ọmọdé tí a ní láti kọ́ ní ohun tí ọdẹ jẹ́. Ọdẹ ni ó ń ṣíwájú nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń wá ibi tí wọn ó tẹ̀dó sí. Ìtàn Kétu fúnra rẹ̀ kò ṣeé sọ láì dárúkọ Alálùmọ̀n, ọdẹ tí ó mọ ọ̀nà igbó, tí ó sì ṣamọ̀nà àwọn baba ńlá wa. Ọdẹ ni ó ń ṣọ́ ìlú lóru. Òun náà ni a ń ké sí nígbà tí ẹranko búburú bá ń yọ oko lẹ́nu.

Lónìí a fẹ́ sọ ìtàn ọdẹ kan tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Íńdíà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ṣe ọdẹ. A mú ìtàn rẹ̀ wá síbí nítorí ohun méjì. Èkíní ni pé ó mọ ohun tí àwọn àgbà ọdẹ wa mọ̀: bí a ti ń gbọ́ èdè igbó lóru, àti bí a ti ń fi ohùn pe ẹranko wá sí ọ̀dọ̀ ara ẹni. Èkejì ni pé kò gbé ìmọ̀ náà lọ sí ibojì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, a fẹ́ ṣàlàyé orúkọ ẹranko méjì. Ẹkùn tí a ó máa dárúkọ nínú ìtàn yìí ni ẹkùn alámì tóótòòtó tí àwọn baba wa mọ̀, èyí tí wọ́n bá pa tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé lọ sí ààfin ọba. Èkejì ni táígà. Kò sí i nínú igbó wa, kò sì sí i nínú igbó ilẹ̀ Áfíríkà rárá. Ó tóbi ju ẹkùn lọ dáadáa, ìlà dúdú gbọọrọ sì ni ó wà lára rẹ̀.

Ìbí rẹ̀ àti ìgbà èwe rẹ̀

Edward James Corbett ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Jim ni gbogbo ayé ń pè é. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1875 ní Naini Tal, ìlú kan lórí àwọn òkè Himalaya, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Kumaon. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà lórí Íńdíà nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ìlú náà, ilé wọn sì kún fún ọmọ. Ní 1881, nígbà tí Jim kò tíì pé ọmọ ọdún 6, bàbá náà kú, ìyá wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó díẹ̀ tọ́ wọn.

Nígbà ooru, orí òkè ni wọ́n ń gbé. Nígbà òtútù, wọ́n a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Kaladhungi, ní etí igbó. Kaladhungi yìí ni ó sọ Jim di ọdẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kànnàkànnà, ó bọ́ sí ọrun àti ọfà, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ tẹ ìbọn ìkì kan, ẹlẹ́nu méjì, tí ẹnu rẹ̀ kan ti là. Ọdẹ ìbílẹ̀ kan tí ń jẹ́ Kunwar Singh wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ ní ọgbọ́n igbó. A kò gbọdọ̀ gbàgbé ọkùnrin yìí, nítorí kò sí ọdẹ tí ó kọ́ ara rẹ̀.

Ohun tí ó kọ́ jù lọ kì í ṣe ìbọn yíyìn, etí ni. Ní igbó Kaladhungi, gbogbo ẹranko ni aṣọ́de. Bí táígà tàbí ẹkùn bá ń kọjá, ìgalà a ké, ọ̀bọ a pariwo lórí igi, ọ̀kín a ké lẹ́yìn wọn. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ ohùn wọn yóò mọ ẹranko tí wọ́n rí, yóò mọ ibi tí ó dojú kọ, yóò sì mọ̀ bóyá ó ń rìn ni tàbí ó dúró. Jim mọ èyí kí ó tó di géńdé. Ó tún kọ́ bí òun fúnra rẹ̀ yóò ṣe ké bíi wọn, títí tí àwọn ẹranko fi ń dá a lóhùn.

Nígbà tí ó dàgbà, ó gba iṣẹ́ rélùwéè. Ó lé ní ogún ọdún tí ó lò ní Mokameh Ghat, ní etí odò Ganges, tí ó ń bójú tó àwọn alágbàṣe tí ń kó ẹrù láti ọkọ̀ ojú irin kan sí òmíràn. Ó ń ru ẹrù pẹ̀lú wọn, ó sì ń sọ èdè wọn. Ní 1917, nígbà ogun àgbáyé kìíní, ó kó 500 ọmọkùnrin Kumaon lọ sí ilẹ̀ Faransé.

Ẹranko tí ó ń jẹ ènìyàn

Ní 1907 ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá pa ẹranko apanijẹ. Abo táígà kan ni, tí ó ti pa 200 ènìyàn ní Nepal kí wọ́n tó lé e wọ Kumaon, níbi tí ó ti pa 236 mìíràn. Corbett fi ohun méjì lélẹ̀ kí ó tó gbà: kí ìjọba fagi lé owó tí wọ́n ṣèlérí fún ẹni tí ó bá pa á, kí gbogbo ọdẹ yòókù sì kúrò nínú igbó náà. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ọkùnrin yìí ro ìyà náà, ó sì ní òun kò fẹ́ kí wọ́n rò pé torí owó ni òun fi wá.

Ní ìlú Champawat ni ó ti pa á, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí nǹkan bí 300 ará abúlé ń lu ìlù tí wọ́n sì ń pariwo láti lé e jáde. Nígbà tí ó yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ó rí i pé eyín ńlá méjì ní apá ọ̀tún ti ṣẹ́, ọ̀kan dé ìdajì, èkejì dé egungun. Ìbọn ẹnìkan ni ó ti bà á jẹ́ tẹ́lẹ̀, kò sì lè pa ẹran ìgbẹ́ mọ́ bí ó ti yẹ. Láti ìgbà náà ni Corbett ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí tí ẹranko kọ̀ọ̀kan fi yà sí ènìyàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọgbẹ́ ìbọn tàbí ẹ̀gún òòrẹ̀ tí ó wọ ẹsẹ̀ ni ó máa ń bá pàdé.

Ó tún ṣàlàyé ohun kan tí ọdẹ òru gbọ́dọ̀ mọ̀. Táígà apanijẹ a máa pa ènìyàn lọ́sàn-án, nítorí ẹ̀rù ènìyàn ti kúrò lára rẹ̀. Ẹkùn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó ti wù kí ènìyàn tí ó pa pọ̀ tó, ẹ̀rù ènìyàn kì í kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà òru ni ó fi ń jáde, inú òkùnkùn sì ni ẹni tí yóò bá pa á gbọ́dọ̀ ti pàdé rẹ̀.

Òru Panar

Ní 1910, ẹkùn kan wà ní agbègbè Panar tí wọ́n kà á sí i lọ́rùn pé ó pa 400 ènìyàn. Ní oṣù Kẹsàn-án, Corbett so ewúrẹ́ funfun kan mọ́lẹ̀, ó gun igi kan tí ó tẹ̀, ó sì ní kí wọ́n di àwọn ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún mọ́ ẹ̀yìn òun kí ẹkùn má baà gba ibẹ̀ gòkè. Ọgbọ́n ègùn gígùn nìyí, ọdẹ wa náà mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ẹkùn náà dé. Kò ya ewúrẹ́ sí. Ẹni tí ó wà lórí igi ni ó fẹ́. Ó fi eyín mú ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún náà, ó ń fà wọ́n, ó ń kùn, Corbett sì jókòó pẹ̀lú ẹ̀yìn sí i, kò lè yí padà. Ó pẹ́ kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ó tó lọ bá ewúrẹ́. Òkùnkùn ti bo gbogbo nǹkan, àfi àwọ̀ funfun ewúrẹ́ náà tí ó ń hàn fírífírí. Ibẹ̀ ni ó yìnbọn sí. Ó gbọ́ ìró ẹkùn pé ó bà á, ṣùgbọ́n kò pa á.

Ó pe àwọn ará abúlé. Wọ́n wá pẹ̀lú ògùṣọ̀, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe sá, ohun yòówù kí ó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń tẹ̀lé e lẹ́yìn nínú òkùnkùn nígbà tí ẹkùn náà bú sí wọn. Gbogbo wọn ló sá. Bí wọ́n ti ń kọlu ara wọn ni ògùṣọ̀ ń já bọ́ sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ògùṣọ̀ tí ó já bọ́ náà ni Corbett sì fi rí ẹkùn tí ó pa á. Àwọn ọkùnrin náà padà wá, wọ́n ń fi ara wọn rẹ́rìn-ín. Kò bá wọn wí.

Ọdún mẹ́jọ ní ojú ọ̀nà Rudraprayag

Ẹkùn tí ó lókìkí jù lọ nínú ayé Corbett ni ti Rudraprayag, ní Garhwal. Ojú ọ̀nà tí àwọn onísìn Híńdù ń gbà lọ sí ilé òrìṣà Kedarnath àti Badrinath ni ó gbà mọ́ra. Láti 1918 dé 1926, ènìyàn 125 ni ìjọba kọ sílẹ̀ pé ó pa. Corbett rò pé àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn burúkú ti 1918 ni ó fà á: àwọn tí ó kú pọ̀ jù, àwọn alààyè kò lágbára láti sun òkú bí àṣà wọn, wọ́n sì ń taari wọn sí àfonífojì. Ẹkùn jẹ òkú, nígbà tí òkú tán ó yíjú sí alààyè.

Fún ọdún mẹ́jọ, bí oòrùn bá ti wọ̀, kò sí ẹni tí ń jáde. Ẹkùn náà a já ilẹ̀kùn wọlé. Wọ́n dẹ pàkúté, wọ́n fi májèlé sí òkú tí ó fẹ́ padà wá jẹ, síbẹ̀ ó yè. Corbett lo ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá nínú 1925 láì rí i pa. Ó padà wá ní ọdún kejì. Ní abúlé Gulabrai, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí àwọn arìnrìn-àjò ń sùn sí, ó gun igi máńgòrò kan, ó so ewúrẹ́ sí ojú ọ̀nà pẹ̀lú agogo kékeré lọ́rùn, ó sì ń ṣọ́nà ní alaalẹ́.

Ní òru kọkànlá, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 1926, ajá gbó. Lẹ́yìn náà ni ohun gbogbo dákẹ́. Kò rí nǹkan kan. Etí ni ó ń lò. Lójijì ni agogo ewúrẹ́ ró. Ó tan tọ́ọ̀ṣì tí ó so mọ́ ìbọn, ó rí èjìká ẹkùn, ó yìnbọn, iná tọ́ọ̀ṣì náà sì kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Títí ilẹ̀ fi mọ́ ni ó fi jókòó sórí igi, láì mọ̀ bóyá ó pa á tàbí kò pa á. Nígbà tí ojúmọ́ mọ́, ó bá a ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, akọ arúgbó kan ni, ó ti kú. Àwọn ènìyàn wá láti abúlé gbogbo láti wò ó. Corbett ní tirẹ̀ kò bú u. Ó kọ ọ́ pé ẹranko náà ṣẹ̀ sí òfin ènìyàn, kò ṣẹ̀ sí òfin igbó.

Ohùn tí ó pe táígà Thak

Ní 1929, nígbà tí ó ń lé táígà apanijẹ kan ní Talla Des, etí tí ó jẹ́ ohun èlò rẹ̀ jù lọ ni ó ń pa á. Wọ́n ti yìn ìbọn ńlá kan nítòsí orí rẹ̀ ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, awọ inú etí náà sì bàjẹ́, oówo kún ibẹ̀ títí ojú rẹ̀ kan fi wú dì. Ní òru kan tí ó wà lórí igi ni oówo náà bẹ́. Ó tẹ̀síwájú títí ó fi rí ẹranko náà pa, ṣùgbọ́n etí náà kò padà bọ̀ sípò bí ti tẹ́lẹ̀.

Pẹ̀lú etí bẹ́ẹ̀ ni ó lọ sí Thak ní 1938, ó ti di ẹni ọdún 63. Abo táígà kan ti lé gbogbo ará abúlé náà sá. Ọ̀sẹ̀ lọ, ọ̀sẹ̀ bọ̀, kò rí i. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá, ọjọ́ tí ó ti pinnu pé yóò jẹ́ ìkẹyìn, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí igi ní ìrọ̀lẹ́, ó ń lọ sí àgọ́ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin mẹ́rin àti ewúrẹ́ méjì. Nígbà náà ni abo táígà náà ké láti orí òkè. Corbett mọ ohùn náà: akọ ni ó ń wá.

Ó fi ẹnu ara rẹ̀ ké bí akọ táígà. Ó dá a lóhùn. Ó tún ké, ó tún dá a lóhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí gbà. Ẹni tí ń pe ẹranko gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹranko náà ń fẹ́ ní àkókò náà gan-an. Bí ó bá ké jù, ara yóò fu ú. Bí ó bá dákẹ́ jù, yóò yà sí ibòmíràn. Àti pé bí ó bá ti dáhùn, kò sí ibi tí a ó sá sí mọ́. Corbett fi àwọn ọkùnrin mẹ́rin náà pamọ́ sẹ́yìn àpáta kan, ó jókòó sórí rẹ̀ ní ipò tí kò rọrùn, ìmọ́lẹ̀ sì ń tán lọ. Igbe ìkẹyìn táígà náà súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wọn fi mì. Nígbà tí orí rẹ̀ yọ, ó yìnbọn lẹ́ẹ̀mejì, agbára ìbọn sì gbé òun fúnra rẹ̀ ṣubú lé àwọn ọkùnrin àti ewúrẹ́ lórí. Táígà náà kú. Òun ni ẹranko apanijẹ ìkẹyìn tí Corbett pa.

Ìgbà tí ó fi ìbọn sílẹ̀

Ó ti pẹ́ ṣáájú ìgbà náà tí ó ti ń fi ẹ̀rọ ayàwòrán rọ́pò ìbọn. Ọgbọ́n kan náà tí ó fi ń pe ẹranko wá sí ikú ni ó wá ń lò láti pe é wá sí àwòrán. Ó rí i pé táígà ń dínkù, ó sì ń lọ sọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé àti àwọn ìjòyè ìjọba pé kí wọ́n dá wọn sí. Ní 1936, wọ́n dá ọgbà ìtọ́jú ẹranko àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Íńdíà, nítòsí Kaladhungi tí ó ti kọ́ ọdẹ, ó sì wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ fún un. Ní 1944 ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ tí gbogbo ayé kà, Man-Eaters of Kumaon, jáde.

A kò ní ṣàì sọ apá kejì ìtàn náà. Òfin ìbọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1878 kò jẹ́ kí ọmọ Íńdíà ní ìbọn láì gba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n òyìnbó kò nílò rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ igbó náà dáadáa níláti dúró de ẹni tí ó ní ìbọn, nígbà tí ẹranko ń kó ọmọ wọn lọ. Corbett wà ní ìhà àwọn tí òfin náà ṣe lóore. Síbẹ̀ ó lo ohun tí ó ní fún àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ní abúlé Choti Haldwani tí ó rà, ó mọ ògiri yí oko ká kí ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ má baà bà á jẹ́. Nínú ìwé rẹ̀ sì ni a ti rí orúkọ àwọn ará abúlé tí ó bá a rìn.

Kò gbéyàwó. Ní 1947, lẹ́yìn tí Íńdíà gba òmìnira, òun àti Maggie, ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé láti kékeré, kó lọ sí Nyeri ní Kẹ́ńyà. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 1955, tí wọ́n sì sin ín. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Íńdíà tí ó ti di òmìnira fi orúkọ rẹ̀ sọ ọgbà ìtọ́jú ẹranko náà. Nínú ọgbà yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìdáàbòbò táígà fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1973.

Ohun tí ó kàn wá

Àwọn ọdẹ wa náà mọ òru. Wọ́n mọ bí a ti ń gbé iná ọdẹ sí iwájú orí, tí ojú ẹranko yóò fi tàn padà, tí wọn ó sì fi àwọ̀ ojú náà mọ ẹranko tí ó jẹ́. Wọ́n mọ bí a ti ń fi imú pe ẹtu. Ṣùgbọ́n igbó tí wọ́n ti kọ́ ọ ti di oko àti ilé. Kìnnìún tí àwọn baba wa gbọ́ ohùn rẹ̀, apá àríwá Benin ni a ń wá a lọ báyìí, ní Pendjari àti ní ọgbà W, tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní 2017.

Ẹranko tí ó bá lọ, orúkọ rẹ̀ a ṣì wà nínú oríkì àti ìjálá. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò sọ fún ọmọ wa bí ìgalà ti ń ké nígbà tí ó bá rí ẹkùn, àti bí ó ti ń ké nígbà tí ó bá rí ènìyàn? Corbett jókòó, ó kọ ti Kumaon sílẹ̀ kí ó tó kú. Àwọn àgbà ọdẹ tí ó lè sọ ti Kétu àti ti Ṣábẹ̀ẹ́ ṣì wà láàárín wa, àmọ́ wọn kò pọ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá ọdẹ nílé, ẹ jókòó tì í ní alẹ́ kan. Ẹ ní kí ó ké fún yín. Ẹ gba ohùn náà sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.